Kí Ló Ń Pa Gíà Oníke? Ooru, Eruku, àti Ohun Tí Eyín Tó Bàjẹ́ Ń Fi Hàn

Fáànù tó ń yí ọrùn káàkiri yàrá á kàn ṣàdédé bẹ̀rẹ̀ sí í dún "kà, kà, kà", kò sì ní yí mọ́. Géètì oníná ní ẹ́sítéètì kan ní Gwarinpa, ní Àbújá, á máa kùn, ṣùgbọ́n kò ní sún. Gíláàsì ọkọ̀ á kọ̀ láti gòkè, bẹ́ẹ̀ ẹ ń gbọ́ ohùn mọ́tò rẹ̀ nínú ilẹ̀kùn. Lọ́pọ̀ ìgbà, ohun kan náà ló kú nínú mẹ́tẹ̀ẹ̀ta: gíà kékeré kan tí wọ́n fi ike ṣe. Ẹni tó bá tú u á gbé e sí àtẹ́lẹwọ́, á wò ó, á ní, "Ẹ̀gbọ́n, ike mà ni. Kí lẹ fẹ́ kí ike ṣe?" Ọ̀rọ̀ parí. Wọ́n á ra òmíràn, wọ́n á fi sí i, nígbà tó bá tó oṣù mélòó kan, ìyẹn náà á tún lọ.

Ọ̀rọ̀ "ike mà ni" yìí ló ń ṣi èèyàn lọ́nà. Àwọn tó ṣe ẹ̀rọ wọ̀nyí kò lo ike torí pé wọ́n jẹ́ ahun nìkan. Gíà oníke kì í pariwo, kì í dípẹtà, ó fúyẹ́, gírísì díẹ̀ tó o, ìgbà mìíràn sì wà tí kì í bèèrè gírísì rárá. Bí iṣẹ́ tí wọ́n gbé fún un kò bá ju agbára rẹ̀ lọ, ọ̀pọ̀ ọdún ló máa lò. Ohun tó sábà ń pa á ni ooru. Eruku ló tẹ̀ lé e. Ooru ọ̀hún sì ní ibi tó ti ń wá, ibẹ̀ kò sì pamọ́. Bí ẹ kò bá wá ibẹ̀ rí kí ẹ tó ra gíà tuntun, òkú mìíràn lẹ fi owó rà yẹn.

Irú ike tí wọ́n fi ń ṣe é

Ike tó wà nínú gíà kì í ṣe irú èyí tí wọ́n fi ṣe báfù tàbí kẹ́ẹ̀gì omi. Méjì ló wọ́pọ̀ jù. Àkọ́kọ́ ni èyí tí wọ́n ń pè ní POM tàbí acetal. Delrin ni orúkọ tí iléeṣẹ́ DuPont kọ́kọ́ fi ta tiwọn. Ó ń yọ̀ lọ́wọ́, ó máa ń funfun báláú tàbí kó dúdú, ó sì le. Èkejì ni náílọ́ọ̀nù, tó sábà ń ní àwọ̀ wàrà, tí kò le tó POM ṣùgbọ́n tó ń fara da ìkọlù ju POM lọ. POM máa ń yọ́ ní nǹkan bí 165°C sí 175°C; náílọ́ọ̀nù 6 máa ń yọ́ ní 220°C, náílọ́ọ̀nù 66 sì máa ń yọ́ ní nǹkan bí 260°C. Àwọn tó lágbára jù wọ́n lọ wà: PPS ń yọ́ ní nǹkan bí 280°C, PEEK ní 343°C. Àwọn wọ̀nyẹn wọ́n gan-an, ibi tó gbóná kọjá ààlà nìkan ni ẹ ti máa ń rí wọn.

Ẹ má jẹ́ kí iye wọ̀nyí tàn yín. Gíà kì í dúró dìgbà tó bá yọ́ kó tó kú. Kó tó dé ibi yíyọ́ ló ti ń rọ̀. Bí POM bá dé 100°C, líle tó kù fún un kò tó ìdajì èyí tó ní nínú yàrá tó tutù. Ìdí nìyí tí àwọn tó ń ṣe iṣẹ́ yìí kì í fẹ́ kí POM tàbí náílọ́ọ̀nù tó ń gbé ẹrù kọjá nǹkan bí 80°C sí 100°C fún ìgbà pípẹ́. Ní Ṣókótó tàbí Máídúgùrí nínú oṣù Kẹrin, tí afẹ́fẹ́ lásán ti ń kọjá 40°C lọ́sàn-án, ẹ ti ná ìdajì àyè yẹn kí ẹ tó tan ẹ̀rọ rárá.

Ibi mẹ́ta tí ooru ti ń wá

Èkíní ni fífi ara ra ara. Bí eyín gíà méjì bá pàdé, wọn kì í kàn yí gbirigbiri lórí ara wọn; wọ́n máa ń yọ̀ lórí ara wọn pẹ̀lú. Ní agbedeméjì eyín, yíyọ̀ yìí fẹ́rẹ̀ẹ́ má sí. Orí eyín àti ìdí rẹ̀ ló ti pọ̀ jù, ibẹ̀ náà ló sì máa ń kọ́kọ́ gbóná.

Èkejì ni títẹ̀. Eyín ike máa ń tẹ̀ díẹ̀ bí ẹrù bá bọ́ sí i, bí ẹrù bá kúrò á padà sípò. Kì í ṣe gbogbo agbára tó fi tẹ̀ ló máa ń dá padà. Díẹ̀ nínú rẹ̀ ń di ooru sínú eyín náà fúnra rẹ̀. Ẹ mú ṣíbí ike kan, ẹ tẹ̀ ẹ́ síwá sẹ́yìn kíákíá ní ìgbà ogún, kí ẹ wá fi ètè kan ibi tó ń tẹ̀. Gíà tó ń yí ní ìgbà ẹgbẹ̀rún ní ìṣẹ́jú kan ń ṣe bẹ́ẹ̀ sí eyín kọ̀ọ̀kan ní ìgbà ẹgbẹ̀rún.

Ẹ̀kẹta ni àdúgbò tí gíà wà: ẹ̀yìn mọ́tò, abẹ́ bọ́nẹ́ẹ̀tì, inú àpótí irin tí oòrùn ń pa.

Ooru irin kì í pẹ́ lórí irin. Irin máa ń gbé ooru lọ ju ike lọ ní ohun tó lé ní ìlọ́po ọgọ́rùn-ún. Ti ike, ibi tí ooru bá ti hù ló ń jókòó sí. Òun ló fà á tó fi jẹ́ pé gíà oníke tó ń bá gíà onírin ṣiṣẹ́ sábà máa ń pẹ́ ju ike méjì tó ń bá ara wọn ṣiṣẹ́ lọ, nítorí irin á máa gba díẹ̀ nínú ooru náà lọ sára ṣáàfù, ìyẹn ọ̀pá tí gíà wà lórí rẹ̀. Bí kò bá sí ọgbọ́n míì ju kí méjèèjì jẹ́ ike, ẹ má fi POM ko POM. Ike kan náà pẹ̀lú ike kan náà máa ń jẹ ara wọn kíákíá. POM pẹ̀lú náílọ́ọ̀nù sàn jù.

Ike tún máa ń wú bí ooru bá mú un. Ẹ jẹ́ ká fi nọ́ńbà sọ ọ́: gíà POM tí ìbú rẹ̀ jẹ́ 50 mm, bí ooru rẹ̀ bá lọ sókè ní 40°C, á fẹ̀ ní nǹkan bí 0.2 mm. Irin tó tóbi bákan náà kò ní fẹ̀ tó 0.03 mm. 0.2 mm lè dà bí nǹkan kékeré lójú ẹni tó ń to búlọ́ọ̀kù. Láàárín eyín gíà fáànù, gbogbo àyè tó wà níbẹ̀ lè má ju bẹ́ẹ̀ lọ. Bí àyè náà bá tán, eyín á há, bó bá há á túbọ̀ gbóná, bó bá gbóná á rọ̀, bó bá rọ̀ á tẹ̀ jù, títẹ̀ náà á sì tún dá ooru sílẹ̀. Láti ìgbà tí àyípoyípo yìí bá ti bẹ̀rẹ̀, kì í pẹ́ mọ́. Gíà tó ti lo ọdún mẹ́ta láìsí wàhálà lè kú láàárín wákàtí kan. Ẹni tó ni ín á wá ní ojijì ni.

Ẹ jẹ́ ká tú fáànù

Fáànù ló dára jù láti fi wo ọ̀rọ̀ yìí, nítorí ó wà nílé gbogbo wa, kò sì wọ́n láti tú. Ẹ yọ wáyà rẹ̀ kúrò lára iná. Ẹ yọ àgò, ẹ yọ abẹ́bẹ̀, ẹ wá yọ ìdérí tó wà lẹ́yìn mọ́tò. Ẹ ó rí àpótí kékeré kan tí síkúrù méjì tàbí mẹ́ta mú. Ìdí ṣáàfù mọ́tò wọ inú àpótí yìí, wọ́n sì gbẹ́ ọnà tó yí po bí ojú síkúrù sí i lára. Ọnà yẹn ló ń ti eyín gíà oníke àkọ́kọ́. Gíà yẹn ló ń yí gíà kejì. Ìyẹn ló ń fa ọ̀pá tó ń mi ọrùn fáànù.

Mọ́tò fáànù lè yí ní nǹkan bí ìgbà 1,300 ní ìṣẹ́jú kan, bẹ́ẹ̀ orí fáànù kì í lọ kó bọ̀ ju bí ìgbà márùn-ún lọ. Àpótí kékeré yẹn ló ń fi nǹkan bí 260 pín eré náà. Bí ìbú ṣáàfù níbi ọnà náà bá jẹ́ 8 mm, ojú irin yẹn ń yọ̀ lórí ike ní nǹkan bí ìdajì mítà ní ìṣẹ́jú àáyá kọ̀ọ̀kan. Ní wákàtí mẹ́wàá, ó ti fẹ́rẹ̀ẹ́ tó 20 km. Lóòótọ́, eyín púpọ̀ ló ń pín in jẹ, ṣùgbọ́n yíyọ̀ ni gbogbo rẹ̀, kò sí yíyí gbirigbiri nínú irú gíà oní-síkúrù yìí. Kò sí irú gíà míì tó ń fi ìyà jẹ ike tó o. Ohun tí ọ̀pọ̀ èèyàn kò sì mọ̀ ni pé nínú ọ̀pọ̀ fáànù, bí ẹ bá fa kókó orí rẹ̀ sókè kó má bàa yí ọrùn mọ́, gíà àkọ́kọ́ yẹn ṣì ń yí lọ nínú. Kókó náà kàn ń já a kúrò lára gíà kejì ni.

Ẹ wá ro ibi tó wà: ẹ̀yìn mọ́tò gan-an. Bí yàrá bá gbóná, tí fáànù ti ń ṣiṣẹ́ láti àárọ̀, ara mọ́tò lè tó 70°C. Bí ó bá tún jẹ́ lóò kọ́rẹ́ǹtì ni iná tó ń wá, mọ́tò á máa yí lọ́ra, abẹ́bẹ̀ kò ní fẹ́ atẹ́gùn tó láti tu òun fúnra rẹ̀ lára, ooru á sì pọ̀ sí i. Gírísì tó wà nínú àpótí á gbẹ tàbí kó ṣàn lọ síbi tí a kò nílò rẹ̀.

Síbẹ̀, nínú fáànù tó ń dún "kà, kà", kì í ṣe eyín gíà ló ń kọ́kọ́ ṣàìsàn. Ọrùn ni. Ibi tí orí fáànù ti ń yí lórí òpó rẹ̀ á ti kún fún eruku, á ti gbẹ, á le. Gíà á wá máa ti ohun tó le ní ìlọ́po mẹ́ta èyí tí wọ́n ṣe é fún. Ẹ fa kókó sókè, kí ẹ fi ọwọ́ kan yí orí fáànù sọ́tùn-ún sósì. Ó yẹ kó lọ wọ́ọ́rọ́wọ́. Bí ó bá ń gbọ̀n tàbí ó ń bèèrè agbára, ẹ nu ibẹ̀, ẹ fi gírísì díẹ̀ sí i, kí ẹ tó fọwọ́ kan gíà rárá. Àwọn fáànù kan ní bọ́ọ̀lù irin kékeré kan nínú àpótí tó máa ń já fúnra rẹ̀ bí ọrùn bá há; ohùn rẹ̀ náà ni "kà, kà". Bí ohùn bá ń wá ní ìparí yíyí nìkan, lápá ọ̀tún tàbí lápá òsì, ẹ fura sí ọrùn. Bí ó bá ń wá lójú kan náà nínú gbogbo àyípo, láìka ibi tí orí fáànù dojú kọ sí, eyín ti ká nìyẹn.

Ọyẹ́ àti eruku

Eruku ọyẹ́ tó ń fẹ́ wá láti aginjù Sàhárà, pàápàá láti ìhà Bodélé ní orílẹ̀-èdè Ṣáàdì, ní ìyanrìn kúnńkúnná nínú, èyí tó le ju irin lásán lọ. Bí ó bá wọ inú gírísì, gírísì yẹn ti di ohun èlò ìpọ́nrin. Àwọn kan rò pé ike nìkan ló máa jẹ. Ó lè jẹ́ òdìkejì rẹ̀. Nítorí ike rọ̀, hóró ìyanrìn máa ń rì mọ́ ọn lára, á sì dúró síbẹ̀, á wá máa fá irin tó ń kọjá lórí rẹ̀. Bí ẹ bá tú ẹ̀rọ kan ní Kánò tàbí Kàtísínà lẹ́yìn ọyẹ́, tí ẹ bá rí i pé ṣáàfù onírin ló ti yìnrìn tí gíà ike sì ṣì dà bí ẹni tó ní ìlera, ohun tó ṣẹlẹ̀ nìyẹn. Ẹ má fi gírísì tuntun lé gírísì àtijọ́ lórí. Ẹ fọ gbogbo rẹ̀ kúrò pátápátá.

Ọyẹ́ ní iṣẹ́ kejì tó ń ṣe, lára náílọ́ọ̀nù nìkan. Náílọ́ọ̀nù máa ń mu omi inú afẹ́fẹ́. Bí ẹ bá rì í sínú omi títí tí kò fi lè gbà mọ́, náílọ́ọ̀nù 6 lè mu omi tó tó ìdá 9 nínú 100 ìwọ̀n ara rẹ̀. POM kì í mu tó ìdá 1. Bí náílọ́ọ̀nù bá mu omi, á wú, á sì rọ̀. Láti gbígbẹ pátápátá dé inú afẹ́fẹ́ tí ọ̀rinrin rẹ̀ mọ níwọ̀n, gíà náílọ́ọ̀nù 66 tí ìbú rẹ̀ jẹ́ 50 mm lè fẹ̀ ní nǹkan bí 0.3 mm. Bí ọyẹ́ bá wá fa omi yẹn jáde, á sún kì, á le, á sì di ohun tó ń tètè ṣẹ́. Nítorí náà, gíà náílọ́ọ̀nù tó há nínú oṣù Kẹjọ lè máa mì jègèjègè nínú oṣù Kìíní, ó sì lè ṣẹ́ lójijì bí nǹkan bá kọlù ú ní òwúrọ̀ ọyẹ́. Kì í ṣẹlẹ̀ lóòjọ́ o. Eyín tín-ín-rín lè yí padà láàárín ọjọ́ mélòó kan, èyí tó nípọn lè gba ọ̀sẹ̀ púpọ̀. Bí mekáníìkì bá fún yín ní gíà náílọ́ọ̀nù tó le koko láti wọlé lásìkò ọyẹ́, ẹ sọ fún un pé òjò ń bọ̀.

Kíka eyín

Ẹ má ju gíà tó kú nù. Ẹ fọ̀ ọ́, ẹ gbé e sábẹ́ iná fóònù, ẹ wò ó dáadáa.

Bí eyín bá tẹ̀ sí ẹ̀gbẹ́ kan, tí ojú wọn ń dán, tí ike díẹ̀ ṣàn jáde sí etí wọn, ooru ló pa á. Ohun tó ń yí ti há, tàbí ó ń ṣiṣẹ́ pẹ́ jù láìsinmi, tàbí ibi tó wà ló gbóná. Bí ó bá jẹ́ eyín méjì tàbí mẹ́ta péré ló jẹ, tí ó jin bí kòtò, tí ìyókù sì péye, mọ́tò ni kò dúró nígbà tí ohun tó ń tì há sójú kan: síkúrù onírin ń yí lọ lórí eyín kan náà títí ó fi gbẹ́ ẹ. Gíà wáípà ọkọ̀ àti ti gíláàsì ọkọ̀ máa ń rí báyìí.

Bí gbogbo eyín bá ti tín-ín-rín, tí orí wọn ti ṣe ṣóńṣó, tí ẹ sì rí ìyẹ̀fun funfun tàbí dúdú nínú àpótí, jíjẹ díẹ̀díẹ̀ ni. Ọjọ́ ogbó lè ni. Bí gíà náà kò bá tíì pé ọdún kan, ẹ wo eruku, ẹ wo gírísì tó gbẹ, kí ẹ sì fi èékánná fá ojú gíà onírin tó ń bá a ṣiṣẹ́. Bí ó bá há yín léèékánná, irin yẹn ń fá ike ni, gíà tuntun kò sì ní pẹ́.

Bí eyín kan bá ká láti ìdí, tí àwọn tó kù ṣì ní ìrísí wọn, ẹ wo ìdí àwọn eyín tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Bí ẹ bá rí ìlà tín-ín-rín níbẹ̀, títẹ̀ ní ìgbà ẹgbẹẹgbẹ̀rún ló mú kó sán. Ẹrù rẹ̀ pọ̀ jù láti ìbẹ̀rẹ̀. Bí kò bá sí ìlà, tí ojú ibi tó ká sì funfun ju ara ike lọ, ìkọlù kan ṣoṣo ni: ẹnì kan di orí fáànù mú, tàbí géètì gbá òkúta.

Bí eyín bá jẹ ní apá kan ìbú rẹ̀ nìkan, tí apá kejì kò jẹ, ṣáàfù kò dúró gún. Ẹ wá bọ́ọ̀ṣì (òrùka tí ṣáàfù ń yí nínú rẹ̀) tó ti jẹ kí ẹ tó ra gíà.

Ìyẹn tó ń da ọ̀pọ̀ èèyàn láàmú ni gíà tí gbogbo eyín rẹ̀ pé tí kò sì ṣiṣẹ́. Ẹ wo àárín rẹ̀, níbi tí ṣáàfù ti wọ̀ ọ́. Wọ́n sábà máa ń fi agbára ti gíà ike mọ́ ṣáàfù onírin, ike náà á sì wà ní fífà ní gbogbo ọjọ́ ayé rẹ̀. Lẹ́yìn ọdún díẹ̀, ọ̀kan nínú méjì ló máa ṣẹlẹ̀: ó lè sán láti àárín lọ sí ìdí eyín, tàbí kó dẹ̀ kó má lè di ṣáàfù mú mọ́. Ṣáàfù á máa yí nínú rẹ̀, gíà á dúró. Gúlúù kì í tún èyí ṣe. POM kì í gba gúlúù lásán rárá.

Géètì oníná

Ọ̀rọ̀ géètì yẹ kí a dúró lórí rẹ̀, nítorí owó rẹ̀ kì í ṣe owó fáànù. Géètì tó ń sún sí ẹ̀gbẹ́ máa ń ní ọ̀pá eléyín gígùn, ó sábà jẹ́ náílọ́ọ̀nù tó ní irin nínú, gíà kékeré orí mọ́tò ló sì ń fà á. Nínú mọ́tò náà, gíà ike tàbí ti idẹ wà tí síkúrù onírin ń tì. Ohun tó sábà ń pa gíà inú yẹn kò sí nínú mọ́tò rárá.

Ẹ fi kọ́kọ́rọ́ já mọ́tò kúrò, kí ẹ fi ọwọ́ ti géètì. Àgbàlagbà kan ṣoṣo gbọ́dọ̀ lè tì í láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin láìmí gúlegúle. Bí kò bá rí bẹ́ẹ̀, kẹ̀kẹ́ abẹ́ rẹ̀ ti jẹ, tàbí iyanrìn ti kún ojú irin tó ń rìn lórí rẹ̀. Lẹ́yìn náà, ẹ bẹ̀rẹ̀, ẹ wo àyè tó wà láàárín ọ̀pá eléyín àti gíà orí mọ́tò. Ó yẹ kó tó 1 mm sí 2 mm láti ìpẹ̀kun géètì dé ìpẹ̀kun kejì. Ibi tí ọ̀pọ̀ ti ń ṣìnà nìyí: bí kẹ̀kẹ́ géètì bá ń jẹ, géètì á máa sọ̀kalẹ̀ díẹ̀díẹ̀, títí àyè yẹn á fi tán, tí ìwọ̀n géètì gan-an á wá jókòó lé gíà mọ́tò. Gíà tí wọ́n ṣe láti fà ti wá di òpó tó ń ru. Kò sí ike tó lè gba ìyẹn, idẹ pàápàá kò ní gbà á pẹ́. Ẹ pààrọ̀ kẹ̀kẹ́, ẹ gbé ọ̀pá eléyín sókè, kí ẹ tó ra gíà.

Ẹ tún wo ohun tí wọ́n kọ sára mọ́tò nípa iye ìgbà tó lè ṣí kó tì nínú wákàtí kan. Mọ́tò ilé ẹnì kan kì í ṣe ti ẹnu ọ̀nà ẹ́sítéètì tí ọkọ̀ ọgọ́rùn-ún ń gbà lówùúrọ̀ Mọ́ńdè. Bí ẹ bá fi ti ilé sí ẹnu ọ̀nà ẹ́sítéètì, ooru kò ní ráyè jáde.

Ti ẹ̀rọ ìtẹ̀wé léésà, ìpínrọ̀ kan tó fún un. Rólà tó ń fi ooru mú íńkì lẹ̀ mọ́ bébà máa ń gbóná tó 180°C sí 200°C, gíà tó wà ní etí rẹ̀ sì ń gba nínú rẹ̀. Bí wọ́n bá fi gíà POM lásán rọ́pò èyí tó wà níbẹ̀, ó lè yọ́. Àwọn bìsínẹ́ẹ̀sì sẹ́ńtà tó ń tẹ bébà láti àárọ̀ dé alẹ́ ní àyíká Federal Secretariat ní Àbújá mọ èyí dáadáa. Ẹ bèèrè ike tó ń gba ooru, kí ẹ má wo ti owó pọ́ọ́kú.

Rírà òmíràn

Kí ẹ tó lọ, ẹ ka eyín, ẹ sì wọn ìbú gíà láti orí eyín dé orí eyín tó kojú rẹ̀. Fún gíà tí eyín rẹ̀ gún, ẹ fi 2 kún iye eyín, kí ẹ fi ohun tí ẹ bá rí pín ìbú náà. Gíà eléyín 38 tí ìbú rẹ̀ jẹ́ 20 mm: 20 ÷ 40, ó jẹ́ 0.5. Èyí tí ẹ fẹ́ rà gbọ́dọ̀ fún yín ní 0.5 náà. Bí wọ́n bá fún yín ní eléyín 36 tí òun náà jẹ́ 20 mm, 20 ÷ 38 ju 0.52 lọ, á wọlé, á yí, ẹ ó rò pé ó bá a mu, eyín ẹ̀ ò sì bára wọn mu. Ariwo àti jíjẹ ló máa bí.

Láti mọ̀ bóyá POM tàbí náílọ́ọ̀nù ni, kò sí ìdí láti sun ún. Èéfín POM máa ń ta ojú, kò sì dára fún ẹ̀dọ̀fóró. Ẹ gé èérún kékeré kan láti ibi tí kò pọn dandan. Ẹ jù ú sínú omi mímọ́: bí ó bá léfòó, ike tó rọ̀ ni, kì í ṣe ti gíà tó ń gbé ẹrù. Bí ó bá rì, ẹ po iyọ̀ mọ́ omi títí tí iyọ̀ kò fi yọ́ mọ́, nǹkan bí gíráàmù 36 sí mílílítà 100 omi. Ẹ fi ìka pa atẹ́gùn tó lẹ̀ mọ́ èérún náà kúrò, kí ẹ tún jù ú sí i. Náílọ́ọ̀nù lásán á léfòó nínú omi iyọ̀ yìí. POM á rì. Náílọ́ọ̀nù tó bá ní fọ́nrán gíláàsì nínú á rì pẹ̀lú, ṣùgbọ́n ojú ibi tí ẹ gé e kì í dán, ó sì ń ha ọwọ́.

Ṣé kí a wá fi irin rọ́pò rẹ̀? Nígbà mìíràn, bẹ́ẹ̀ ni. Ṣùgbọ́n ẹ wò ó: nínú ẹ̀rọ ìlọran ilé, wọ́n dìídì fi gíà ike kan sí i kó lè kọ́kọ́ ṣẹ́ bí egungun bá há, kí mọ́tò má bàa jó. Bí ẹ bá fi irin sí i, mọ́tò ló máa jó lọ́jọ́ tí egungun bá wọlé. Bí ojú gíà irin náà kò bá sì dán, á tún máa fá gíà ike kejì tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀.

Ti àwọn tó ń fi ẹ̀rọ tẹ gíà jáde láti orí kọ̀ǹpútà (3D printing), ẹ bèèrè irú ike tí wọ́n fi tẹ̀ ẹ́. PLA tó wọ́pọ̀ jù lọ́wọ́ wọn máa ń rọ̀ ní nǹkan bí 60°C. Ọkọ̀ tí wọ́n páàkì sínú oòrùn Àbújá lọ́sàn-án lè gbóná tó bẹ́ẹ̀ nínú láìtíì tan ẹ́ńjìnnì. Ẹ ní kí wọ́n lo náílọ́ọ̀nù. Bí ẹni tó ń lo léètì bá sì fẹ́ gbẹ́ ẹ láti ara ọ̀pá náílọ́ọ̀nù, ẹ sọ fún un kó má fi ayùn gé ìdí eyín ní igun mímú. Igun yẹn ni eyín ti máa ń sán. Kó jẹ́ kí igun náà rí roboto díẹ̀.

Ìfọ̀ àti gírísì ló kù. Ẹ fi ọṣẹ àti omi fọ̀ ọ́, ẹ jẹ́ kó gbẹ. Ẹ má lo bílíìṣì fún POM, ẹ má sì jẹ́ kí omi bátìrì kan èyíkéyìí nínú méjèèjì. Gírísì funfun onílítíọ́ọ̀mù dára fún POM àti náílọ́ọ̀nù. Bí àpótí tó yí gíà ká bá jẹ́ ike tó mọ́ gaara tàbí irú ike líle tí wọ́n ń pè ní ABS, gírísì onísílíkónì ni kí ẹ lò, nítorí àwọn ọ́ìlì kan máa ń mú irú ike bẹ́ẹ̀ sán. Ẹ má fi òróró ìdáná sí i; á gan, á di gọ́ọ̀mù, á sì gbá eruku jọ. Fún àpótí fáànù, ìwọ̀n hóró ẹ̀wà kan tó, kí ẹ fi pa eyín yí ká ní tín-ín-rín. Bí ẹ bá kún un dé ẹnu, ooru á lé e jáde wá sára mọ́tò, eyín tí ẹ ra á fún kò sì ní rí i lò.